Ikọ́ Fée Ọmọdé: Bí A Ó Ṣe Dá Sísáré Lọ Sí Ilé Ìwòsàn Lóru Dúró

Ní ìgbà ọyẹ́, tí eruku àti èéfín igbó jíjó bá gba ojú sánmà ní Odò-Ẹrẹ̀, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Yàgbà West ní ìpínlẹ̀ Kogi, ikọ́ fée máa ń yọ àwọn ọmọ tó ní in lẹ́nu. Òbí á gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lóru, mímí rẹ̀ á rọlẹ̀, wọ́n á padà sílé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n tún ti dé ibẹ̀. Kí ló fà á?

Ìdí ni pé mímí tó rọlẹ̀ kò sọ pé àìsàn ti lọ. Ọ̀nà tí èémí ń gbà nínú ẹ̀dọ̀fóró ṣì wú.

Oògùn méjì ni

Salbutamol, ínhélà tó sábà máa ń ní àwọ̀ búlúù, máa ń ṣí ọ̀nà èémí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í wo wíwú yẹn. Ọmọ tó ń nílò rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀, àìsàn rẹ̀ kò tíì wà ní ìkáwọ́. Oògùn ìdènà, bíi budesonide tàbí beclometasone, ló ń mú kí wíwú náà rọ̀. Ojoojúmọ́ ni ọmọ ń lò ó, bó tilẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù kiri. Kí ó fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má ṣe dá a dúró láìsọ fún dókítà.

Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ GSK ti kéde ní 2023 pé òun ń kúrò ní Nàìjíríà, Ventolin ti wọ́n gógó. Salbutamol ni oògùn inú rẹ̀. Ẹ béèrè salbutamol ilé iṣẹ́ mìíràn tó ní nọ́ńbà NAFDAC.

Kí ẹ tó kúrò ní ilé ìwòsàn, ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin

1. Ṣé ọmọ yìí nílò oògùn ìdènà?
2. Báwo ni yóò ṣe lo ínhélà? Ọmọdé nílò ike tí a ń fi sí ẹnu ínhélà kí oògùn lè dé ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn olùwádìí ní Cape Town fi hàn ní 1999 pé ìgò oníke 500ml, tí a dá ihò sí ìdí rẹ̀ ní ìwọ̀n ẹnu ínhélà tí a sì lẹ etí ihò náà pa, ṣiṣẹ́ bíi ti ilé oògùn. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì fi hàn yín.
3. Ẹ gba ìwé tó sọ ohun tí ẹ ó ṣe bí ó bá tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ fún olùkọ́ rẹ̀ àti àfáà ilé kéú rẹ̀ ní ẹ̀dà kan.
4. Ọjọ́ wo ni kí a padà wá? Ó dára kí ó jẹ́ láàárín ọjọ́ 2.

Nínú ilé

Ẹ gbé ọmọ jìnnà sí èéfín igi ìdáná, sìgá, tùràrí àti kọ́ìlì ẹ̀fọn. Ẹ fi aṣọ tútù nu eruku.

Àmì ewu

Bí ọmọ kò bá lè sọ̀rọ̀ já geere, bí abẹ́ egungun ìhà rẹ̀ bá ń wọnú, tàbí tí ètè rẹ̀ ń dúdú, ẹ jẹ́ kí ó jókòó. Ẹ tẹ salbutamol lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ, kí ẹ sì máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín, bíi ti ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀. Ẹ má ṣe dúró de ilẹ̀ mímọ́.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní àlàáfíà. Àmín.