Àwọ̀ Inú Gíláàsì: Ìlẹ̀kẹ̀ Tó Gba Orí Òkun Wá àti Èyí Tó Ti Wà Nílé

Ẹ ó ti rí fídíò yẹn lórí fóònù yín: ẹnì kan á da ọ̀dà sínú bọ́ọ̀lù gíláàsì tó mọ́ gaara, á máa yí i títí ọ̀dà á fi mú gbogbo inú rẹ̀, á wá fi í ṣe ọ̀ṣọ́ Kérésì. Èmi náà máa ń wò ó tí oorun ò bá kùn mí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gíláàsì aláwọ̀ mèremère ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Àgbádárìgì. Láyé òwò ẹrú, ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì wà lára ọjà tí ọkọ̀ òyìnbó ń kó wá sí etíkun yìí, pẹ̀lú aṣọ, ọtí, tábà àti owó ẹyọ. Wọ́n ń fi í ra ènìyàn. Venice, ní Ítálì, ni púpọ̀ nínú ìlẹ̀kẹ̀ tó ń wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń wá. Oníṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀ á fi iná yọ́ gíláàsì mọ́ ara wáyà, á wá máa kán gíláàsì yíyọ́ aláwọ̀ mìíràn sí i lára, tó-tò-tó, títí yóò fi di òdòdó tàbí ìlà. Ó jọ ọ̀dà inú fídíò yẹn gan-an, àfi pé iná ni wọ́n ń bá ṣeré.

Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ wa gbà pé inú ọkọ̀ ojú omi ni gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì àtijọ́ ti jáde. Èmi ò gbà.

Olókun tó ni òkun Àgbádárìgì ní igbó kan ní Ilé-Ifẹ̀, tí kò sí òkun kankan nítòsí. Ní 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Igbó Olókun yìí. Ó rí àfọ́kù ìkòkò amọ̀ tí gíláàsì yíyọ́ ti lẹ̀ mọ́ nínú. Kí ló sọ? Ó ní àwọn ará Atlantis, ìlú inú ìtàn àwọn Gíríìkì, ló gbé ọ̀làjú Ifẹ̀ wá! Àwọn onímọ̀ tó tẹ̀ lé e ò lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ní gíláàsì òkèèrè ni Ifẹ̀ kàn ń tún yọ́.

Ní 2011 àti 2012, Abidemi Babatunde Babalola, ọmọ Nàìjíríà, gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Ó rí ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000, àti ọgọ́ọ̀rọ̀ àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ gíláàsì. Àyẹ̀wò kẹ́míkà fi hàn pé èròjà gíláàsì náà yàtọ̀ sí ti Yúróòpù àti ti Lárúbáwá: ohun tí wọ́n rí nílẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n á fa gíláàsì yíyọ́ gùn bí ọ̀pá oníhò, wọ́n á sì gé e wẹ́wẹ́. Wọn ò da àwọ̀ sí i lára: cobalt ló ń sọ ọ́ di búlúù látinú ìkòkò, débi pé bí ẹ bá fọ́ ọ, búlúù náà lẹ máa bá nínú.

Láàárín ọdún 1000 sí 1500 ni iṣẹ́ yìí gbilẹ̀. Wọ́n sì ti rí irú ìlẹ̀kẹ̀ Ifẹ̀ yìí ní Gao, ní ilẹ̀ Mali, létí aṣálẹ̀ Sàhárà, ibi tí ọkọ̀ òyìnbó kankan ò lè gúnlẹ̀ sí.