Ìlú Ló Wá Bá Pẹ́pẹ́yẹ Nílé: Ẹyẹ Inú Agbo Ilé ní Abomey-Calavi

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé sí Abomey-Calavi ní gúúsù Benin, pé àṣà oko ni pẹ́pẹ́yẹ tó ń rìn kiri ládùúgbò, pé àwọn ará abúlé ló gbé e wọ ìlú. Bí a bá yẹ ìtàn ẹyẹ náà àti ti ìlú náà wò pọ̀, ọ̀rọ̀ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Pẹ́pẹ́yẹ tó wọ́pọ̀ jù ní gúúsù Benin, èyí tí ojú rẹ̀ pọ́n tó sì rí kókókòkò, kì í ṣe ọmọ bíbí Áfíríkà. Àárín àti Gúúsù Amẹ́ríkà ni orísun rẹ̀. Àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ ti ń sìn ín kí òyìnbó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ọkọ̀ àwọn Potogí ló sì gbé e sọdá òkun wá bá wa ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ní sáà tí àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ń wọlé. Ẹyẹ tó ti mọ ilé ló gúnlẹ̀ sí etíkun wa. Kò gbé inú igbó ilẹ̀ yìí rí kí a tó máa sìn ín. Ìwà rẹ̀ sì bá agbo ilé mu. Èérí àgbàdo àti àjẹkù ẹ̀kọ tó o, kì í kọ lóru bí àkùkọ, ohùn akọ rẹ̀ kò sì ju híhó fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ lọ. Abo rẹ̀ a sàba fún nǹkan bí ọjọ́ 35, sùúrù rẹ̀ sì pọ̀ débi pé àwọn obìnrin ń fi ẹyin adìyẹ tàbí ti awó sí i lábẹ́ kó bá wọn pa á. Irú abo bẹ́ẹ̀ kì í tètè dé orí iná.

Ìlú ńkọ́? Cotonou há sí àárín òkun àti ọ̀sà Nokoué, nítorí náà ìhà Calavi ni èrò ń ya sí, pàápàá lẹ́yìn tí wọ́n dá yunifásítì sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1970. Ìkànìyàn 2002 ka èèyàn tó lé ní 307,000. Ti 2013 ka èyí tó lé ní 656,000. Orí ilẹ̀ agbo ilé àtijọ́ àwọn Ayizọ, ẹ̀yà onílẹ̀ ibẹ̀, níbi tí ẹran abìyẹ́ ti ń jẹ̀ káàkiri, ni wọ́n pín sí pulọ́ọ̀tì. Ògiri ló dé lẹ́yìn.

Ẹnìkan lè ní ẹran ọbẹ̀ lásán ni, pé kò sẹ́ni tó fẹ́ràn pẹ́pẹ́yẹ bí ajá. Òótọ́ ni pé wọ́n ń pa á lọ́dún Kérésì, wọ́n sì ń tà á. Ṣùgbọ́n ẹran tí a ń tọ́jú lọ́dọọdún, tí àwọn ọmọ ilé mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ti kúrò ní ẹran ọbẹ̀ lásán. Àtakò tó wúwo jù ni ti àrùn. Ní oṣù Kejìlá 2007, wọ́n rí àrùn ẹyẹ H5N1 lára adìyẹ ní Cotonou àti Adjarra, pẹ́pẹ́yẹ sì lè gbé àrùn náà kiri láìfi àmì hàn. Mi ò fojú kéré èyí rárá. Ohun tó ń béèrè ni ọgbà, omi tó mọ́, àti pé kí a má pa ẹnu mọ́ bí ẹran bá kú. Bí eṣinṣin bá sì wà lára ẹ̀sùn aládùúgbò, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Kánádà, tó jáde ní 1990, fi hàn pé irú pẹ́pẹ́yẹ yìí gan-an ń ṣa eṣinṣin jẹ ju bí àwọn ìdẹkùn tí wọ́n fi wé e ṣe ń mú un lọ.