Àrokò Lára Àwòrán Àwọn Ẹni Mímọ́: Àpẹẹrẹ Bábárà Mímọ́

Àwọn baba ńlá wa a máa fi àrokò ránṣẹ́ síra wọn. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà yóò rí owó ẹyọ àti ìyẹ́, ṣùgbọ́n kò ní gbọ́ iṣẹ́ tí a rán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwòrán àwọn ẹni mímọ́ tí wọ́n fín sára bàbà ní ilẹ̀ Yúróòpù ní sáà Baroque.

Ní ọdún 1563, ìgbìmọ̀ Ìjọ Àgùdà tí ó péjọ sí Trent pàṣẹ pé kí àwòrán máa kọ́ ọmọ ìjọ lẹ́kọ̀ọ́, láìsí ẹ̀kọ́ òdì nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà le. Ní 1566, àwọn tí ó lòdì sí ère fọ́ ọ̀pọ̀ ère ṣọ́ọ̀ṣì ní Antwerp. Ìlú yìí kan náà ni àwọn ará ilé Wierix, Jan, Hieronymus àti Antonius, ti fín àwòrán ìsìn. Bí afíngbá ti ń fín igbá ni wọ́n ń fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó fín bàbà. Tàdáwà a kún ojú ilà, wọn a sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Bàbà kan a bí ọ̀pọ̀ àwòrán.

Ẹ wo Bábárà. Ilé ìṣọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni baba rẹ̀ há a mọ́, gẹ́gẹ́ bí ìtàn ti wí. Fèrèsé mẹ́ta ara rẹ̀ ń tọ́ka sí Mẹ́talọ́kan. Imọ̀ ọ̀pẹ ni àmì ajẹ́rìíkú. Idà ni baba náà fi bẹ́ ẹ lórí, ààrá sì sán pa òun náà. Nítorí náà ni àwọn oníbọn ńlá fi sọ Bábárà di alágbàwí wọn.

Nígbà tí àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Kúbà rí i, Ṣàngó ni wọ́n rí. Òótọ́ ni pé àwòrán bàbà kò ní àwọ̀. Lára ère àti àwòrán tí a kùn ni wọ́n ti rí aṣọ pupa rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ka èyí sí ìdàrúdàpọ̀ ìsìn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ti mọ àrokò kà nílé ni ó rí idà, pupa àti ààrá, tí ó sì mọ ẹni tí wọ́n jẹ́ tirẹ̀.

Ní 1969, Róòmù yọ ọjọ́ Bábárà kúrò nínú kàlẹ́ńdà gbogbogbòò, nítorí ìtàn rẹ̀ kò fìdí múlẹ̀. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá, Kúbà ṣì ń ṣe ọdún rẹ̀. Ẹni tí ó di àrokò kọ́ ni ó ni gbogbo ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó tú u náà ní ìpín.