TA NI Ọ̀GÁ ATAMÁTÀSÉ? ÀYẸ̀WÒ Ẹ̀RÍ NÍNÚ ÌTÀN BỌ́Ọ̀LÙ ALÁJÙSÁWỌ̀N NÍ AMẸ́RÍKÀ

1. Ìfáárà

Kò sí eré ìdárayá kan tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kì í jiyàn lórí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gbá jù. Ní ti bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní Amẹ́ríkà, orí ìkọlù ni iyàn náà ti máa ń gbóná jù, èyíinì ni ọgbọ́n àti agbára tí agbábọ́ọ̀lù fi ń wá àmì fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn kan a ní Wilt Chamberlain ni ọ̀gá. Àwọn mìíràn a ní Michael Jordan ni. Àwọn ọ̀dọ́ òde òní a sì dárúkọ Stephen Curry tàbí LeBron James. Ohun tí gbogbo wọn sábà máa ń gbójú lé kò ju ẹyọ kan lọ: iye àmì tí wọ́n kọ sínú ìwé.

Kókó bébà yìí ni pé iye àmì nìkan kò tó ẹ̀rí. Ìdí mẹ́ta ni ó wà fún èyí. Èkínní, òfin eré náà kò dúró sójú kan. Èkejì, ohun tí wọ́n ń kà sílẹ̀ ní ìgbà kan yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ń kà ní ìgbà mìíràn. Ẹ̀kẹta, sáà tí atamátàsé ní àmì jù lọ kì í sábà jẹ́ sáà tí ìkọlù rẹ̀ ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀ láǹfààní jù lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti eré lásán. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fi iye ìgbà kan dá ẹjọ́ ìgbà mìíràn láìbéèrè bí wọ́n ṣe kà á, ìbáà ṣe iye owó orí tàbí iye irè oko, àṣìṣe kan náà ni yóò ṣe.

2. Òfin Eré àti Iye Àmì

Oṣù Kejìlá ọdún 1891 ni James Naismith dá eré yìí sílẹ̀ ní Springfield, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, pẹ̀lú òfin 13 àti apẹ̀rẹ̀ èso méjì tí wọ́n kàn mọ́ òkè. Líìgì tí ó wá di NBA bẹ̀rẹ̀ ní 1946, ó sì gba orúkọ náà ní 1949. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí òfin tí ó fi ipá mú ẹgbẹ́ láti ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Ẹgbẹ́ tí ó bá ti ń borí lè máa gbá a láàrin ara wọn títí àsìkò yóò fi tó. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá 1950, ẹgbẹ́ Fort Wayne Pistons fi àmì 19 borí Minneapolis Lakers tí ó ní 18. George Mikan nìkan ni ó ní 15 nínú àmì 18 náà. Ẹni tí ó bá wo 15 lásán kò ní rí nǹkan bàbàrà kan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ bí eré ọjọ́ náà ti rí yóò mọ̀ pé ẹnìkan ṣoṣo ni ó gbé ìkọlù odidi ẹgbẹ́ rù.

Mikan ga púpọ̀, abẹ́ àwọ̀n ni ó sì ti máa ń ṣọṣẹ́. Ní 1951, àwọn aláṣẹ líìgì fẹ àyè abẹ́ àwọ̀n, níbi tí ẹni tí ń kọluni kò gbọdọ̀ dúró pẹ́ sí, láti ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 12. Ní 1954, lábẹ́ ìmọ̀ràn Danny Biasone tí ó ni ẹgbẹ́ Syracuse Nationals, wọ́n ṣe òfin pé ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jù ú sáwọ̀n láàrin ìṣẹ́jú-àáyá 24. Láàrin sáà kan, ìpíndọ́gba àmì tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ní nínú eré kan fò láti nǹkan bí 79 sí 93.

Inú ayé tuntun yìí ni Chamberlain bọ́ sí ní 1959. Ní sáà 1961/62, ó ní àmì 4,029, èyí tí ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 50.4 nínú eré kan. Kò sí ẹlòmíràn tí ó tíì dé ibẹ̀. Síbẹ̀, ó yẹ kí a rántí pé eré sáre púpọ̀ ní sáà náà: ìpíndọ́gba àmì ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lé ní 118. Elgin Baylor ní ìpíndọ́gba 38.3 nígbà náà, Oscar Robertson sì ní 30.8. Yàtọ̀ sí èyí, Chamberlain kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lórí pápá rárá. Ìpíndọ́gba ìṣẹ́jú tí ó lò jẹ́ 48.5 nínú eré tí ó jẹ́ ìṣẹ́jú 48, nítorí àfikún àsìkò. Àlàyé yìí kò sọ iṣẹ́ rẹ̀ di yẹpẹrẹ. Ó kàn fi í sí àyè rẹ̀ ni. Ní 1964, wọ́n tún fẹ àyè abẹ́ àwọ̀n sí ẹsẹ̀ bàtà 16. Irú ìyípadà òfin bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí tí ó lágbára, nítorí pé ọ̀dọ̀ àwọn tí atamátàsé ń yọ lẹ́nu ni ó ti wá. Alátakò kì í yin ni lásán.

Ní 1979, NBA fi ìlà àmì mẹ́ta kún ojú pápá. Kareem Abdul-Jabbar, tí ó fẹ̀yìn tì ní 1989 pẹ̀lú àmì 38,387, ju ẹyọ kan péré wọlé láti ẹ̀yìn ìlà náà ní gbogbo ọjọ́ ayé eré rẹ̀. Curry ju 402 wọlé láti ibẹ̀ ní sáà 2015/16 nìkan. Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Kì í ṣe ọgbọ́n ni Abdul-Jabbar kò ní. Ọjà tí ó ná ni kò jọ ti Curry.

3. Ẹ̀rí tí ó Wà àti Ẹ̀rí tí Kò Sí

Ọjọ́ kejì oṣù Kẹta 1962 ni Chamberlain ní àmì 100 nínú eré kan ṣoṣo, ní ìlú Hershey, ní Pennsylvania. Ẹgbẹ́ rẹ̀ fi 169 borí New York Knicks tí ó ní 147. Kò sí fíìmù eré náà. Àwọn ènìyàn 4,124 ni ìwé sọ pé wọ́n wà níbẹ̀; ohùn rédíò apá kẹrin eré náà àti ìwé àkọsílẹ̀ àmì ni ó kù. Ìwé náà fi hàn pé ó ju bọ́ọ̀lù nígbà 63, ó sì wọlé nígbà 36. Nínú ìjùsáwọ̀n ọ̀fẹ́ 32, ó mú 28. Ohun tí ìwé náà kò lè fi hàn ni ohun tí àwọn tí ó wà níbẹ̀ sọ: pé nígbà tí eré ń lọ sópin, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ̀ sí alátakò kí bọ́ọ̀lù lè tètè padà, àwọn alátakò náà sì ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ̀ sí ẹlòmíràn kí bọ́ọ̀lù má baà dé ọwọ́ rẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni ó la ìtumọ̀ iye náà yé ni.

Àìsí àkọsílẹ̀ pẹ̀lú a máa darí iyàn. Sáà 1973/74 ni NBA bẹ̀rẹ̀ sí ka iye ìgbà tí agbábọ́ọ̀lù gbá ìjùsáwọ̀n alátakò dànù. Nítorí náà, Hakeem Olajuwon, ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó ní 1963, ni ìwé gbà ní ọ̀gá lórí èyí pẹ̀lú 3,830. Kò sí ẹni tí ó lè sọ iye ti Bill Russell àti ti Chamberlain. Bákan náà, sáà 1977/78 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí ka bọ́ọ̀lù tí agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan sọ nù. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣírò ohun tí ìkọlù Chamberlain ná ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò rí i pé owó tí ó wọlé nìkan ni ó wà nínú ìwé. Èyí tí ó jáde kò sí níbẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

4. Àmì Púpọ̀ àti Ìkọlù Rere

Ìdí kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù. Ní 1962 tí Chamberlain ní ìpíndọ́gba 50.4, Boston Celtics tí Russell wà nínú rẹ̀ ni ó gba ife. Ní sáà 1966/67, Alex Hannum tí ó jẹ́ olùkọ́ni Philadelphia 76ers rọ Chamberlain pé kí ó máa fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní bọ́ọ̀lù. Ìpíndọ́gba rẹ̀ wálẹ̀ sí 24.1, ṣùgbọ́n nínú 100 tí ó bá jù, ó lé ní 68 tí ń wọlé. Ẹgbẹ́ rẹ̀ borí nínú eré 68, ó pàdánù 13 péré, ó sì gba ife tí Boston ti ń gbà léraléra láti 1959. Ní 1972 ẹ̀wẹ̀, Abdul-Jabbar ní ìpíndọ́gba 34.8, èyí tí ó ga jù lọ láyé rẹ̀. Lakers tí Chamberlain wà nínú rẹ̀ ni ó yọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ìpíndọ́gba Chamberlain kò sì ju 14.8 lọ.

Àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn kò yàtọ̀. Jordan ní 37.1 ní sáà 1986/87, Boston sì yọ Chicago Bulls ní ìpele kìíní. James ní 31.4 ní 2005/06, kò gba ife. Curry ní 32.0 ní 2020/21, ẹgbẹ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ wọ ìdíje ìkẹyìn; ní ọdún kejì tí ó gba ife, 25.5 ni ó ní. Èyí kì í ṣe òfin tí kò ní àyàfi: sáà 1999/2000 tí Shaquille O'Neal ní 29.7, èyí tí ó ga jù fún un, ni òun àti Lakers gba ife. Ṣùgbọ́n ìdí tí ó fi ń sábà rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ẹni tí ó ń ju gbogbo bọ́ọ̀lù sábà máa ń wà nínú ẹgbẹ́ tí kò sí ẹlòmíràn tí yóò jù ú. Iye ńlá lè jẹ́ ẹ̀rí agbára. Ó sì lè jẹ́ ẹ̀rí àìní.

5. Jordan àti Curry

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ẹni tí ó yẹ kí a wá ni ẹni tí ó so agbára tirẹ̀ pọ̀ mọ́ àǹfààní ẹgbẹ́. Láti 1989, lábẹ́ Phil Jackson àti ètò ìkọlù Tex Winter, Jordan gbà kí bọ́ọ̀lù máa yí ká. Ìpíndọ́gba rẹ̀ wálẹ̀ sí 31.5 ní 1990/91, ó sì gba ife àkọ́kọ́. Ife 6 ni ó gbà, ní 1991, 1992, 1993, 1996, 1997 àti 1998. Nínú sáà kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, òun náà ni ìpíndọ́gba àmì rẹ̀ ga jù ní gbogbo líìgì. Ohun tí ó ya Chamberlain sí méjì, ti 1962 àti ti 1967, ọdún kan náà ni Jordan ń ṣe méjèèjì.

Ẹ̀rí tí ó ti Curry lẹ́yìn yàtọ̀. Òfin kò yí padà nítorí rẹ̀. Eré fúnra rẹ̀ ni ó yí. Alátakò méjì a máa sáré tọ̀ ọ́ ní ibi tí ó jìnnà sí àwọ̀n, nígbà mìíràn kí bọ́ọ̀lù tó dé ọwọ́ rẹ̀, àyè a sì ṣí fún ẹlòmíràn. Ní oṣù Kẹta 2025, ó di ẹni àkọ́kọ́ tí ó ju 4,000 wọlé láti ẹ̀yìn ìlà àmì mẹ́ta nínú ìdíje líìgì. Bí a bá ń wá ẹni tí ìkọlù rẹ̀ kọ́ ìran kan ní eré tuntun, òun ni.

6. Àgbálọgbábọ̀

Ìwé àkọsílẹ̀ ti dáhùn ìbéèrè ta ni ó ní àmì jù. James ni, láti ọjọ́ keje oṣù Kejì 2023 tí ó kọjá Abdul-Jabbar. Ta ni ó ní àmì jù nínú sáà kan? Chamberlain ni. Ìbéèrè ta ni ọ̀gá nínú ìkọlù kò sí nínú ìwé náà, nítorí pé ẹlẹ́rìí mẹ́ta ni ó ń fẹ́: iye tí a fi wé ìgbà rẹ̀, òfin tí alátakò yí padà, àti ire tí ó kan ẹlẹgbẹ́. Chamberlain ní méjì àkọ́kọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ, ó sì pẹ́ kí ẹ̀kẹta tó dé. Jordan ni ó mú èkínní àti ẹ̀kẹta dúró pọ̀ fún ìgbà pípẹ́ jù, nítorí náà òun ni ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ gbè. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ṣùgbọ́n àkísà náà, ó yẹ kí a mọ ọjọ́ tí wọ́n wọ̀ ọ́ àti ibi tí wọ́n wọ̀ ọ́ lọ, kí a tó gbé e lé orí òṣùwọ̀n.