Stiegel, Baba Sítóòfù

Ọdún tí Aláàfin Abíọ́dún rẹ́yìn Baṣọ̀run Gáà, ìyẹn 1774, ni wọ́n ti ọkùnrin kan mọ́lé ní Amẹ́ríkà nítorí gbèsè. Henry William Stiegel lorúkọ rẹ̀, sítóòfù ló ń ṣe tà. Èmi tí mò ń ka ìwé ẹ̀yáwó lójoojúmọ́, ìtàn rẹ̀ kì í sú mi.

Jámánì ni wọ́n bí i sí ní 1729. Ó dé Philadelphia ní 1750, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso ibẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Jacob Huber tó ń yọ́ irin, ó sì fẹ́ ọmọ rẹ̀, Elizabeth. Nígbà tó yá, òun àti àwọn alájọṣe rẹ̀ ra iléeṣẹ́ náà, ó sì fi orúkọ Elizabeth pè é.

Sítóòfù yìí kì í ṣe ti kẹrosíìnì tí a mọ̀ o. Irin yíyọ́ ni wọ́n ń dà sórí iyanrìn tí wọ́n ti tẹ àwòrán sí. Tó bá dì tán, wọ́n á to irin pẹlẹbẹ márùn-ún, mẹ́fà tàbí mẹ́wàá pọ̀ bí àpótí, wọ́n á sì fi igi dáná sínú rẹ̀. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́. Ọjà náà tà.

Ó dá ìlú Manheim sílẹ̀ ní 1762, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gíláàsì. Wọ́n ní bó bá ń bọ̀ nílé, ìbọn àgbá ni wọ́n fi ń kéde rẹ̀, àwọn onílù a sì máa ṣeré lórí òrùlé. Ta ló fún un ní kàkàkí? “Baron” ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọmọ oyè.

Ní 1769 ó kọ́ iléeṣẹ́ gíláàsì tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, gbèsè sì ń gorí gbèsè. Gíláàsì rẹ̀ dára. Lójú tèmi, kì í ṣe ọjà ló pa á. Owó tó yẹ kó padà sídìí iná ló ń gun òrùlé. Ó ta lọ́tìrì ní 1773, kò gbà á.

Robert Coleman ló wá ń darí iléeṣẹ́ irin náà, ó rọ ọta fún ogun òmìnira Amẹ́ríkà, ó sì di olówó ńlá. Stiegel padà wá gbaṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ó kú ní òtòṣì ní 1785.

Ṣùgbọ́n ní 1772, kó tó ṣubú, ó ti fún ìjọ Luther ní Manheim nílẹ̀. Ṣílè márùn-ún ló gbà. Ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ òdòdó rósì pupa kan ní oṣù kẹfà ọdọọdún. Láti 1892 ni ìjọ náà ti ń san án fún àtọmọdọ́mọ rẹ̀ lọ́dọọdún.