Ọkọ̀ Tọ́bò Àlòkù ní Àgùdà àti Muṣin: Ìtàn Òwò Kan

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ tí ó ní tọ́bò, tí wọ́n ti pààrọ̀ ohun púpọ̀ lára rẹ̀, tí ó sì tún ń béèrè àtúnṣe, fi ṣòro láti tà ní Àgùdà ní Sùúrùlérè, tàbí ní Ìjẹ̀ṣàtẹ̀dó àti Muṣin, yóò ní láti wo bí ọkọ̀ àlòkù ṣe di ọjà ní apá Èkó yìí, àti bí ọ̀rọ̀ ẹnu mẹkáníìkì ṣe di ẹ̀rí tí olùrà gbára lé ju ìwé ọkọ̀ lọ.

Títún ọkọ̀ dá kì í ṣe àṣà tuntun ní Èkó. Àwọn káfíńtà ni wọ́n ń fi pákó kan ara bọ̀lẹ̀kájà, ìyẹn ọkọ̀ akérò ayé àtijọ́, sórí férémù ọkọ̀ akẹ́rù. Nígbà tí mólúè gba ipò rẹ̀, àwọn wẹ́lídà ni wọ́n ń jó irin pọ̀ sórí férémù Mercedes-Benz 911. Lẹ́yìn tí Nàìjíríà sì kúrò ní wíwakọ̀ lápá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, gbígbé sítíárìn láti ọ̀tún sí òsì di iṣẹ́ ọwọ́ tí àwọn kan ń jẹun nídìí rẹ̀.

Síbẹ̀, ọkọ̀ tuntun ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń lépa nígbà náà, nítorí pé ilé-iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní ọ̀nà Bàdágírì bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní 1975, owó epo rọ̀bì sì ń wọlé. Ètò ọrọ̀-ajé tí ìjọba ológun gbé kalẹ̀ ní 1986, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí SAP, ni ó da ọ̀rọ̀ náà rú: náírà tí ó níye lórí ju dọ́là lọ ní 1980 já wálẹ̀ débi pé nǹkan bí náírà mẹ́rin ni wọ́n fi ń gba dọ́là kan ní 1987. Ọkọ̀ tuntun kọjá agbára olówó oṣù, ni tòkúnbọ̀, ìyẹn àlòkù tí a kó wọlé láti òkè òkun, bá gba ìgboro, tí púpọ̀ nínú wọn ń gba èbúté Kútọnu wọlé. Ọjà Ládìpọ̀ ní Muṣin, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ́ńjìnnì, jíà àti ẹ̀yà ara ọkọ̀ gbogbo, ni ó sì ń mú wọn dúró.

Tọ́bò ni ẹ̀rọ tí ó ń fi agbára èéfín tí ẹ́ńjìnnì ń tú jáde yí abẹ̀bẹ̀ kékeré kan, tí abẹ̀bẹ̀ kejì tí wọ́n jọ wà lórí ọ̀pá kan náà sì ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì, kí ó lè jó epo púpọ̀ sí i. Alfred Büchi, ẹnjiníà ará Switzerland, ni ó gba ẹ̀tọ́ lórí ìlànà yìí ní 1905. BMW fi sínú 2002 Turbo ní 1973, nígbà tí ó sì fi di ìparí àwọn ọdún 1990, Audi àti Volkswagen ti ń fi sínú A4, Passat àti Golf, tí àwọn wọ̀nyí sì wá di ara ẹrù tòkúnbọ̀. Ọ̀pá inú tọ́bò lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, óìlì mímọ́ ni kò sì jẹ́ kí ó jó. Nítorí náà óìlì ayédèrú, ooru àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ojúẹlẹ́gbà kì í jẹ́ kí ó pẹ́. Àwọn olówó ọkọ̀ kan á yọ ọ́ dànù, wọ́n á fi ẹ́ńjìnnì lásán láti Ládìpọ̀ rọ́pò. Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ràn eré, á fi èyí tí ó tóbi jù ú lọ sí i, wọ́n á sì rẹ ọkọ̀ náà sílẹ̀.

Níbi títà ni wàhálà wà. Ọkọ̀ tí wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò bá nọ́ńbà inú ìwé mu mọ́, bí olówó rẹ̀ kò bá sì tíì tún ìwé náà ṣe, ọlọ́pàá lè tìtorí rẹ̀ dá olùrà dúró lójú títì. Ìwé nìkan kò sì lè sọ bí ẹ́ńjìnnì náà ṣe rí, ìdí nìyí tí olùrà fi ń mú mẹkáníìkì tirẹ̀ dání. Mẹkáníìkì náà á ní kí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ tutù, á ṣí ìdérí óìlì wò bóyá ohun funfun bí ẹ̀kọ mímu lẹ̀ mọ́ ọn, èyí tí ń fi hàn pé omi ti da pọ̀ mọ́ óìlì. Á yọ páìpù afẹ́fẹ́, á ki ìka bọ ẹnu tọ́bò, á mi abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, bí ó bá sì ń mì débi tí ó fi ń ha ara ilé rẹ̀, owó tí olùtà ń pè á já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á sáátì ọkọ̀ náà, tí wọ́n á máa wo èéfín búlúù, nítorí pé òun ni àmì pé óìlì ń jó. Àwọn kan máa ń sọ pé mẹkáníìkì Èkó ló ń ba ọkọ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n níbi tí ìwé àtúnṣe kì í ti í bá ọkọ̀ rìn, inú orí àwọn ọ̀gá wọ̀nyí àti àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ni ìtàn ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wà: ohun tí wọ́n pààrọ̀, ọdún tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, àti ohun tí wọ́n fi dí i nígbà tí owó kò tó.

Nígbà tí ìjọba fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè ilẹ̀ wọlé láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2017, tí náírà sì tún já wálẹ̀ láti oṣù kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ tí ó ti wà nílẹ̀ níye lórí sí i, àwọn tí wọn ì bá ti kó lọ fún àwọn onírin ní Owódé sì tún di ohun tí a ń ná. Èyí tí kò bá rí ẹni tí yóò ra odidi rẹ̀ ni wọ́n ń tú tà, tí wọ́n á ta tọ́bò, jíà àti iná iwájú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nígbà mìíràn owó tí ó ń ti ara wọn jáde á sì ju iye tí wọ́n fi ń ná ọkọ̀ náà lódidi lọ.