Omi Dídì Kọ́ Ló Wà Nínú Rẹ̀

Ìwé pélébé kan dé ọwọ́ mi lóṣù tó kọjá. Ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ máa fi kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ lédè Yorùbá, mo sì dúpẹ́ fún èrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka dé ibi tó ti ń sọ nípa ojú fóònù àti ojú géèmù, "pátákó agbáwòrányọ olómi dídì" ni mo bá níbẹ̀. "Liquid crystal" ti òyìnbó ló tú bẹ́ẹ̀. Mo pa ìwé náà dé. Ní ọjà Ìpọ̀nrí tí mò ń gbé nítòsí rẹ̀, omi dídì ni àwọn ẹlẹ́ja ń fọ́ lé orí ẹja kó má bàa bàjẹ́. Ọmọ tó bá ka irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ yóò rò pé bí oòrùn bá pa géèmù òun, yóò yọ́. Àwọn tó pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì kò tú ọ̀rọ̀ òyìnbó palẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n sọ: ó ń sọ̀rọ̀, kò sì gba èsì.

Géèmù kan wà níwájú mi báyìí. Ọmọ ará ilé wa kan, ọmọ ọdún 15, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Raspberry Pi Zero ló wà nínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà kékeré tó jáde ní 2015 ní dọ́là 5. Bátìrì, wáyà, bọ́tìnnì, ṣáájà: n kò ní ìjà kankan pẹ̀lú àwọn wọ̀nyí, wọ́n ti di ọmọ ilé. Ojú rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 2.8 láti igun dé igun. Ó já bọ́ láti orí tábìlì, láti ìgbà náà, bí wọ́n bá tàn án, funfun báláú ni, kò sí àwòrán. Ọmọ náà gbé e wá: "Bàbá, ẹ bá mi wò ó sà, ojú ẹ̀ ti fọ́."

Ojú! Kò pè é ní pátákó, kò sì pè é ní ìbòjú, èyí tí àwọn kan ń kọ kiri báyìí. Ìbòjú ni ohun tí ẹlẹ́hàá fi ń bo ojú kí á má rí i. Báwo ni ohun tó ń fi nǹkan hàn yóò ṣe máa jẹ́ orúkọ ohun tó ń bo nǹkan mọ́lẹ̀? A ní ojú agogo, ojú ọ̀nà, ojú abẹ, ojú ọjọ́. Ojú ni ibi tí nǹkan ti ń kọjú sí ọ. Tí a bá sì ti gba ojú, àrùn rẹ̀ ti ní orúkọ kí á tó dé ibẹ̀. Bí gíláàsì òkè bá ní ìlà bí ìkòkò tó bọ́ lọ́wọ́ ọmọ, tí àwòrán ṣì ń hàn lábẹ́ rẹ̀, ó sán ni. Ojú kò tíì fọ́. Bí àwọ̀ dúdú bá ń tàn nínú rẹ̀ bí íǹkì tó dà sórí ìwé, ojú ti fọ́ nìyẹn, òmíràn ni a ó rà. Ti ọmọ yìí kò sí nínú méjèèjì. Iná tó wà lẹ́yìn ojú ń tàn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbé ìran wá fún ojú. Ojú là sílẹ̀, kò ríran. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ó sì yé e lójú ẹsẹ̀.

Gíláàsì méjì ló para pọ̀ di ojú, ohun tó wà láàárín wọn kò sì gba àlàyé púpọ̀. Ní 1888, Friedrich Reinitzer, onímọ̀ ewéko ará Austria, ń fi iná sí èròjà kan tó rí yọ láti ara karọ́ọ̀tì. Ó yọ́ ní 145.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó rú bí omi ògì, kò sì mọ́ gaara títí ó fi dé 178.5. Ó ń ṣàn bí omi, síbẹ̀ èérún rẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ. Irú rẹ̀ ló wà nínú ojú ẹ̀rọ: iná mànàmáná díẹ̀ ló ń yí títò yẹn padà, tí ìmọ́lẹ̀ yóò fi kọjá tàbí kó má kọjá. Mo kọ́kọ́ dá "omi atò" lábàá, èmi náà ni mo sì jù ú nù, nítorí bí ahọ́n bá yẹ̀ díẹ̀, ó di ohun tí a kì í sọ lójú ọmọdé. Mo gbà fún kírísítálì olómi. Àwọn tó túmọ̀ Ìfihàn nínú Bíbélì ti yá kírísítálì ṣáájú wa. Nínú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá pàápàá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní 1984, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kò kọ àyálò sílẹ̀. Níbi tí ilé kò bá ti ní i, kí á yá a láìtijú.

Ṣùgbọ́n níbi tí ilé bá ti ní i ńkọ́? Okùn pẹlẹbẹ tó so ojú mọ́ ara ẹ̀rọ ni àwọn atúnfóònùṣe ń pè ní fúlẹ́ẹ̀sì. Ẹ wo iṣẹ́ rẹ̀: ó pẹlẹbẹ, ó rọ̀, ó so ọmọ mọ́ ẹ̀yìn ìyá. Ọ̀já ni! Ẹnìkan ta kò mí pé wọn yóò máa gbọ́ ọ bí ọjà. Ìgbà wo ni obìnrin tó ń lọ ra ọ̀já lọ́jà Ìpọ̀nrí ṣìnà rí?

A tú géèmù náà. Ọ̀já rẹ̀ ti gbéra ní igun kan, ẹsẹ̀ mẹ́ta nínú rẹ̀ kò kan nǹkankan mọ́. A fi òjé lẹ̀ ẹ́ padà. Bẹ́ẹ̀ ni, òjé, kì í ṣe sọ́dà. Òun ni àwọn olórìṣà Ọbàtálá ń wọ̀ sọ́wọ́ kí iná mànàmáná tó dé, èyí tí a sì lò jẹ́ tánńganran 63 àti òjé 37 nínú 100, tó ń yọ́ ní 183 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Òmíràn tí kò ní òjé nínú rárá ti wà lọ́jà. Kí ó máa jẹ́ òjé lọ. Ọkọ̀ ojú omi ni ọkọ̀ kí mọ́tò tó dé, mọ́tò sì ń jẹ́ ọkọ̀ lónìí.

Àwòrán yọ. Ṣùgbọ́n ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan dúró lójú rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, ìlà yìí ló sì gbà mí ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ojú kékeré yẹn ní ìlà 320, ìlà kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ 240. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 76,800. Kí ni à ń pe ẹyọ kan nínú wọn? Píksẹ́ẹ̀lì jẹ́ ariwo lásán létí ọmọ. "Ẹyọ-ìran" dùn gbọ́, àmọ́ ìran tí à ń wò àti ìran tí a ti ṣẹ̀ wá, ohùn kan náà ni wọ́n ní. Yóò máa rú èèyàn lójú. Mo ronú títí mo fi rántí adé. Ẹni tó bá wo adé ọba láti òkèèrè, ojú ènìyàn ló ń rí lára rẹ̀. Bó bá sún mọ́ ọn, ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ ni.

Ìlẹ̀kẹ̀, kí á má wá òmíràn. Kì í kàn ṣe pé ó lẹ́wà. Ìlẹ̀kẹ̀ a máa jókòó lórí okùn. Bí okùn bá já, gbogbo èyí tó wà lórí rẹ̀ ló lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ojú ẹ̀rọ: ẹyọ 240 tó wà lórí ìlà kan ń jẹ láti ara wáyà kan ṣoṣo. Game Boy tó jáde ní 1989, tí ojú rẹ̀ jẹ́ 160 lọ́nà 144, ní àìsàn yìí bó bá ti dàgbà: ìlà á máa pòórá lóòró. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe a máa fi irin gbígbóná rọra ra etí ibi tí ọ̀já ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì nísàlẹ̀, ìlà á sì padà wá. Okùn ìlẹ̀kẹ̀ ló já, wọ́n so ó. Ọmọ tó mọ ọ̀rọ̀ yìí ti mọ ibi tí yóò ti wá àrùn náà kó tó mú irinṣẹ́.

Ti ọmọ ilé wa kò ṣeé so. Orí gíláàsì fúnra rẹ̀ ni okùn náà ti já, nítòsí ẹ̀rọ wóńwó kan tó lẹ̀ mọ́ ọn, irin kò lè dé ibẹ̀. Ẹ̀rọ wóńwó yìí ni ìwé pélébé yẹn pè ní "awakọ̀ ojú", nítorí pé awakọ̀ ni òyìnbó pè é. Ọkọ̀ wo ló ń wà? Ó ń sọ fún okùn kọ̀ọ̀kan ìgbà tí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ yóò tàn àti ìgbà tí yóò ṣú. Ẹni tó ń ṣáájú eégún tó ń júwe ọ̀nà fún un ni atọ́kùn, ẹni tó ń darí ètò lórí rédíò náà, atọ́kùn. Atọ́kùn ni kí á máa pè é.

Mo ṣàlàyé fún ọmọ náà pé atọ́kùn kò rí okùn kan dì mú mọ́, pé kò ní padà.

"Okùn kan ṣoṣo, Bàbá? Ó ku 319 sà." Ó ti ń tẹ bọ́tìnnì lọ.